Wọn Kì í Fi Káàdì Ra Kaṣórì ní Kota

Kota,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Agẹmọ

Bọ̀ọ̀dá mi Lokendra,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú alẹ́, torí mi ò mọ èyí tí Toronto wà nísìnyí. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìfaradà oúnjẹ inú agolo. Màmá ní kí n kí yín, kí n sì bi yín bóyá ẹ ti jẹun. Mo ní kí lẹ́tà tó dé, oúnjẹ ọ̀hún á ti dà. Ó ní kí n ṣáà kọ ọ́. Mo ti kọ ọ́ o.

Ẹ̀rọ káàdì ti dé! Ọmọkùnrin báńkì gbé e wá lánàá nínú òjò, ó fi ọ̀rá wé e bí ọmọ tuntun. Bọ̀ọ̀dá, gbogbo àdúgbò ló tú jáde. Mo lè búra pé ẹgbẹ̀rún èèyàn ló dúró síwájú agbada òróró tí Màmá fi ń dín kaṣórì oníyẹ̀fun rẹ̀. Ó dáa, wọ́n tó ogún. Ó dáa, mẹ́fà ni wọ́n, màlúù kan sì wà láàrin wọn.

Màmá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án kó tó ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ bí a ti ń ṣe fún ohun tuntun gbogbo. Ó fi ẹ̀gbà òdòdó aláwọ̀ ọsàn sí i lọ́rùn, ó fọ́ àgbọn níwájú rẹ̀, ó wá po àtíkè pupa mọ́ omi, ó tẹ̀ ẹ́ sí i níwájú orí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ ò níwájú orí. Ibi tí wọ́n ti ń fi káàdì kàn án gan-an ló tẹ̀ ẹ́ sí. Mo fi etí aṣọ mi nù ún, àtíkè tún wọnú sí i. Ọmọkùnrin báńkì ní, "Àǹtí kékeré, ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ìyàwó o." Mo ní kó máa lọ sílé, pé láti òní lọ, èmi ni ọ̀gá ẹ̀rọ.

Mi ò gbàgbé àdéhùn wa. Bí ẹ̀rọ bá kó èrò wá, ẹ ó fi owó tí ẹ ń tọ́jú gba ṣọ́ọ̀bù fún Màmá nínú ilé ìtajà gàgàrà tuntun yẹn, níbi tí atẹ́gùn tútù ti ń fẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ó sì padà wálé wá máa bójú tó o. Bí kò bá kó èrò wá, ẹ ó tọwọ́ bọ̀wé ọdún méjì míì lọ́dọ̀ ọ̀gá yín. Màmá ò gbọdọ̀ gbọ́ títí yóò fi di òótọ́. Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà nìyẹn. Bí mo bá pè yín, kí n tó sọ gbólóhùn kejì, ó ti já fóònù gbà lọ́wọ́ mi.

Ọdún mẹ́rin ti pọ̀ jù, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún mi. Èmi Kesar yìí, mo lè ta òjò fún ọ̀pọ̀lọ́, kó má sì tọrọ ènì.

Ẹ bá mi ra bàtà. Ẹsẹ̀ mi ti gùn sí i láti ìgbà tí ẹ ti rí i kẹ́yìn. Ó ti ń dé ibi tí mò ń lọ kí èmi tó dé.

Àbúrò yín, ọ̀gá ẹ̀rọ,
Kesar


Toronto,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Agẹmọ

Kesar, ẹlẹ́nu bí agogo,

Mo kí ọ, mo kí Màmá. Sọ fún un pé mo ti jẹun. Ìrẹsì ni.

Inú mi dùn pé ẹ̀rọ ti dé, ṣùgbọ́n ta ló ní kí ẹ fọ́ àgbọn sí i lára? Oṣooṣù ni báńkì ń gbowó lórí ẹ̀rọ yẹn, èmi ni mo sì ń san án. Fi òwú gbígbẹ nù ún. Má fi omi sí i. Má fi itọ́ sí i. Mo mọ̀ ọ́.

Gbọ́ mi dáadáa. Níbi tí mo ti ń gbowó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà níbí, àtàárọ̀ dalẹ́, káàdì ni. Tíì! Ó parí. Ìyá arúgbó tọ́wọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, káàdì. Ọmọ ilé ìwé, káàdì. Kí ló wá dé tí àwọn ará ilé wa á máa yọ fóònù, wọ́n á ṣí i, wọ́n á fi wo bébà kóòdù, wọ́n á tẹ iye owó, wọ́n á tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀, wọ́n á tún gbé fóònù sókè ọ̀run kí íńtánẹ́ẹ̀tì lè wọlé? Irú ìyà wo nìyẹn? Wọn ò tíì rí èyí tó dáa ni. Bébà kóòdù tí Màmá lẹ̀ mọ́ ara kẹ̀kẹ́ kaṣórì ni ò jẹ́ kí wọ́n rí i. Yọ ọ́. Gbé àpótí tó ń kígbe iye owó tó bá wọlé yẹn náà kúrò. Màmá á bínú fọ́jọ́ kan, á gbàgbé.

Mo bi í lórí fóònù bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe sí. Ó ní, "Ó wà níbẹ̀. Ó ń gbaná." Mo ní, ṣé èèyàn ń lò ó? Ó ní, "Ṣé o ti jẹun?" Torí náà, ìwọ nìkan ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Sọ òótọ́ fún mi. Ìwé ọdún méjì yẹn ti wà lórí tábìlì ọ̀gá mi, ó sì ń dúró de èsì.

Ọ̀rọ̀ bàtà: kàwé ná.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Lokendra


Kota,
Ọjọ́ kejì, oṣù Ògún

Bọ̀ọ̀dá mi, olówó Kánádà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Òjò ń rọ̀ níbí bí ẹni pé òrùlé ọ̀run ń jò. Màmá ní ṣé ẹ ti jẹun.

Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ ju kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ! Mo yọ bébà kóòdù bí ẹ ṣe wí, mo fi í pamọ́ sábẹ́ àpò ìyẹ̀fun. Mo gbé àpótí tó ń kígbe lọ sínú ilé, mo fi ìrọ̀rí bò ó lẹ́nu. Mo sọ fún Màmá pé ó ti bàjẹ́, pé mo ti fi ránṣẹ́ sí alátùn-únṣe. Láti ọjọ́ yẹn, hẹ̀n ẹ́n! Èrò ń tò láti ọ̀dọ̀ wa dé orí afárá odò Chambal. Ọkùnrin kan gbéra láti Jaipur, ó ní òun gbọ́ pé ibì kan wà tí èèyàn ti ń fi káàdì kan nǹkan, tí wọ́n á sì fún un ní kaṣórì. Ó kàn án, ó sunkún ayọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń múra ìdánwò dókítà ní ohùn tíì yẹn ń jẹ́ kí ìwé wọ òun lórí.

Ohùn mi gan-an ti há. Mò ń sọ̀rọ̀ bí àkùkọ tó gbé egungun mì. Èyí tí mo sọ nípa ohùn yìí, òótọ́ pọ́ńbélé ni.

Ẹ má yọ Màmá lẹ́nu pẹ̀lú ìbéèrè o. Ẹ mọ̀ pé kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Èmi ni kí ẹ máa bi.

Bàtà náà, ẹ jẹ́ kó jẹ́ aláwọ̀ pupa.

Kesar yín


Toronto,
Ọjọ́ ogún, oṣù Ògún

Kesar mi, ọmọ ìyá mi tòótọ́,

Mo ka lẹ́tà rẹ nínú ọkọ̀, mo rẹ́rìn-ín títí tí ẹni tó jókòó tì mí fi dìde. Mo bu díẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ rẹ, bí mo ṣe máa ń bù ú. Mo yọ ọkùnrin Jaipur. Mo yọ afárá odò. Èyí tó ṣẹ́ kù náà tó. Bó bá jẹ́ pé ìdajì ìdajì rẹ̀ ni òótọ́, ó tó.

Mo ti sọ fún ọ̀gá mi pé mi ò ní tọwọ́ bọ̀wé. Ó wò mí, ó ní ṣé mo dá a rò dáadáa? Mo ní àbúrò mi obìnrin ló bá mi dá a rò. Mo ti bá àwọn onílé ìtajà yẹn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọ́n ní bí mo bá san owó ṣọ́ọ̀bù, wọn kì í dá a padà. Màá fi ránṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀. Gbogbo ohun tí mo fi ọdún mẹ́rin kó jọ nìyẹn, Kesar. Nítorí náà, bí nǹkan kan bá wà tó yẹ kí n gbọ́, ìsinsìnyí ni.

Bàtà ti wà nínú àpótí. Ó pupa.

Lokendra


Kota,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Ògún

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Bí ẹ bá ti jókòó, ẹ kúkú dùbúlẹ̀.

Ẹ má san owó ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ẹ sáré padà lọ bá ọ̀gá yín, ẹ ní orí yín ló dà rú díẹ̀, kó mú ìwé ọdún méjì rẹ̀ wá. Irọ́ ni mo pa. Wọ́n ní irọ́ á sá fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó bá a. Tèmi ò tíì sá lo oṣù kan tí orúnkún rẹ̀ fi yẹ̀.

Kò sí ọkùnrin Jaipur. Ẹni mẹ́ta péré ló ti fi káàdì kan ẹ̀rọ yín. Ọ̀kan ni ọmọkùnrin báńkì, ó ń dán an wò. Èkejì ni agbẹjọ́rò kan tó ń kánjú. Àtíkè Màmá ò jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ káàdì rẹ̀, ó ń kàn án ṣáá bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn àna tó ń bínú, títí kaṣórì fi tutù, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹta ni èmi, pẹ̀lú káàdì Màmá. Mo kàn fẹ́ gbọ́ tíì ni.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé. Èmi náà bi wọ́n.

Ẹ mọ̀ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìgbé ló ń bọ́ wa. Èwo nínú wọn ló ní káàdì? Káàdì wà lábúlé lọ́wọ́ bàbá wọn, nínú àpótí, lábẹ́ aṣọ ìgbéyàwó. Ọmọ á dúró síwájú agbada, á pe bàbá rẹ̀ pé ebi ń pa òun. Bàbá á ti inú oko fi ọgbọ̀n rúpì ránṣẹ́. Kaṣórì ò tíì jáde nínú òróró tí owó ti wọlé. Nígbà tí mo ní kí wọ́n mú káàdì wá, ọ̀kan tó ń jẹ́ Tushar yọ káàdì ìdánimọ̀ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó fi gbá ẹ̀rọ pàá. Ó ní, "Ọ̀gá ẹ̀rọ, ṣé ó ti gbà á? Ẹ bá mi yọ ọ́ nínú owó ilé ìwé." Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ajá àdúgbò pàápàá dìde wá wò mí.

Mo yíjú sí Ìyá tó ń ta tòmátì. Ó ní, "Ọmọ yìí, ẹ̀rọ tó ń mú owó láìbéèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀, kí ló fi yàtọ̀ sí olè? Fóònù mi á kọ́kọ́ gbé orúkọ màmá ẹ sí mi lójú, Mangi Bai, màá rí i pé òun ni mò ń san án fún, kí n tó tẹ nọ́ńbà mi. Ìwọ wá ní kí n jẹ́ kí káàdì mi máa fẹnu ko ẹ̀rọ lẹ́nu lójú títì. Nílé ọkọ ta ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

Mo fọwọ́ bo ẹ̀rọ lẹ́nu, mo gbé e padà sẹ́yìn agbada.

Ti Màmá ló wá pa mí. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ìyẹ̀fun, ojú rẹ̀ wà nínú òróró, etí nìkan ló ṣẹ́ kù tó fi ń gbowó. Àpótí yẹn á kígbe pé owó báyìí ti wọlé, Màmá á fi àgbọ̀n ṣe àmì fún oníbàárà pé kó máa lọ. Ní báyìí tí mo ti fi ìrọ̀rí bò ó, àwọn tó mọ nọ́ńbà Màmá ń fi owó ránṣẹ́ tààrà, kò sì sí ẹni tó ń kígbe. Màmá á di kaṣórì wọn mú. "Ohùn dà? Mi ò gbọ́ ohùn." Ni mo bá di ohùn. Bọ̀ọ̀dá, èmi àbúrò yín, ọ̀gá ẹ̀rọ, mo dúró lẹ́yìn agbada, mò ń wo fóònù Màmá, mò ń fi ohùn imú kígbe: "Ẹ ti gba rúpì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Ẹ ti gba ọgbọ̀n rúpì!" Tushar á ní, "Ẹ tún un sọ, íńtánẹ́ẹ̀tì yín ò lágbára." Ohun tó há mi lóhùn nìyẹn.

Àwọn tí kò mọ nọ́ńbà Màmá sọdá lọ bá Bàbá Badri tó ń ta kaṣórì níwájú wa. Kóòdù wà lára kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó wà lára igi, ó kù díẹ̀ kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí ara rẹ̀. Ó ń pariwo láti òdìkejì: "Kesar, ẹ ṣeun fún èrò o! Ṣé kí n fi àgbọn míì ránṣẹ́, kí ẹ tún fọ́ ọ sí i?"

Níjọ́ kan, Màmá gbé àpò ìyẹ̀fun, ó rí bébà kóòdù lábẹ́ rẹ̀. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, ó lẹ̀ ẹ́ padà, ó wọlé lọ gbé ìrọ̀rí kúrò lórí àpótí, ó wá wò mí. Ó sàn kó gbá mi létí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, èrò ti padà. Ẹ̀rọ yín ṣì wúlò o: òun la fi ń tẹ ìwé ìròyìn tí a fi ń wé kaṣórì mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé e.

Mo fẹ́ kí ẹ wálé ni. Kò sí ọgbọ́n míì nínú irọ́ náà. Ní báyìí, èmi kan náà ni mò ń bẹ̀ yín pé kí ẹ dúró síbẹ̀, torí mi ò fẹ́ kí ọdún mẹ́rin yín wọ ṣọ́ọ̀bù tí akẹ́kọ̀ọ́ kankan ò ní gun àtẹ̀gùn rẹ̀ nítorí kaṣórì.

Ẹ fún ẹlòmíì ní bàtà náà.

Kesar


Kota,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ẹ ò dáhùn. Mo pè, ẹ ò gbé fóònù. Mo wo lẹ́tà tí mo kọ kẹ́yìn, mo wá ń rò pé bóyá ẹ dùbúlẹ̀ lóòótọ́, ẹ ò sì dìde mọ́.

Màmá ò béèrè bóyá ẹ ti jẹun mọ́. Ó ń béèrè bóyá ẹ ti kọ̀wé. Nígbà tó di ìgbà kan, mi ò lè gbé e mọ́ra, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: ṣọ́ọ̀bù, ìwé ọdún méjì, Jaipur. Mo ti ń dáàbò bo orí mi sílẹ̀. Kò gbá mi. Ó ń po ìyẹ̀fun lọ. Ó ní, "Ta ló sọ fún un pé ṣọ́ọ̀bù ni mò ń fẹ́?" Ó tún pò ó díẹ̀. Ó ní kí n kọ ọ́ sí yín báyìí, kí n má fi iyọ̀ tèmi sí i: agbada tí bàbá yín fi sílẹ̀ fẹ̀ tó ẹni méjì.

Mi ò fi iyọ̀ sí i. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn.

Ẹ bínú sí mi bó bá wù yín. Ẹ ṣáà kọ ọ́ ránṣẹ́ pé ẹ ń bínú, ká lè mọ ibi tí ẹ wà.

Kesar


Kota, lábẹ́ igi dongoyaro tó wà níkangun òpópónà wa,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Ọ̀wàrà

Kesar,

Má pariwo. Bí o bá ti pariwo, panu dé. Má jẹ́ kí Màmá gbọ́.

Mo gba lẹ́tà méjèèjì. Ti àkọ́kọ́ bí mi nínú débi pé mo fẹ́ fò wá fa etí rẹ tu. Lẹ́yìn náà, ojú tì mí, torí èmi ni mo ní kí o yọ kóòdù. Ìdí tí mi ò fi gbé fóònù nìyẹn. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Tíì, wọ́n lọ. Tíì, wọ́n lọ. Ọkùnrin kan wà tó ti ń ra búrẹ́dì lọ́dọ̀ mi láti ọjọ́ tó ti pẹ́, mi ò mọ bí ohùn rẹ̀ ṣe rí. Mo dédé rántí ìwọ tí ò ń fi ohùn imú kígbe rúpì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo bú sẹ́rìn-ín lójú gbogbo wọn. Ọ̀gá mi ní kí n lọ mu omi. Nígbà tí ọ̀rọ̀ agbada Màmá wá dé, ẹrù ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Mi ò san owó ṣọ́ọ̀bù. Mi ò sì tọwọ́ bọ̀wé.

Wá wo ibi tí ọgbọ́n gbé mi dé. Mo fi káàdì ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, láti Toronto ni mo ti fi káàdì ra ti ọkọ̀ ojú irin. Mò ń yan fanda pé ọ̀làjú ni mí, mi ò ní rúpì kan lápò. Mo wọ kẹ̀kẹ́ márúwá. Nígbà tí a dé ìdí igi yìí, mo na káàdì sí awakọ̀. Ó gbà á, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó fi fẹ́ra díẹ̀, ó dá a padà. "Bọ̀ọ̀dá, ó rẹwà. Owó dà?" Mo ní kó mú nǹkan tí n ó fi kàn wá. Ó ní, "Kí ẹ fi kan iwájú orí mi ni?" Mo yọ dọ́là, ó ní òun ò mọ ìyá àgbà tí wọ́n ya sára rẹ̀. Fóònù mi ò sì lè san án, nọ́ńbà Kánádà ló wà lórí rẹ̀.

Ó wá nawọ́ sí bébà kóòdù tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àga rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá fẹ́ràn yín. Onítọ̀hún á san án láti ibi tó wà. Bí kò bá sí ẹni tó fẹ́ràn yín, mo máa ń gba aago ọwọ́."

Fọ́tò náà ló wà nísàlẹ̀ yìí. Íńtánẹ́ẹ̀tì awakọ̀ ni mo fi ń kọ èyí ránṣẹ́ sí fóònù rẹ, ó ní òun á ṣírò rẹ̀ mọ́ owó ọkọ̀. Ó ti jókòó lé àpótí ẹrù mi.

Mò ń wo èéfín agbada yín láti ibí. Mò ń wo Màmá, ìyẹ̀fun wà nírun rẹ̀. Mo lè fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ṣé bó ṣe máa kọ́kọ́ rí mi nìyẹn, kí n máa tọrọ owó kẹ̀kẹ́? Jọ̀ọ́, yọ́ mú fóònù rẹ̀, kí o bá mi san án.

Awakọ̀ ní kí n kọ ọ́ síbí pé ìdúró òun ń gorí owó. Má dá a lóhùn. Fara balẹ̀, kí o má baà tẹ nọ́ńbà tí kò tọ́. Mi ò níbòmíì tí mò ń lọ.

Lokendra